Eugène Houdry àti Èéfín Ọkọ̀

Orúkọ Eugène Houdry kì í ṣe orúkọ tí ó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ènìyàn ilẹ̀ wa. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn mẹkáníìkì tí ń na ara wọn sábẹ́ ọkọ̀ ní Mowe, ní Ìbafò àti ní Ifọ̀ ni kò gbọ́ ọ rí, bẹ́ẹ̀ náà sì ni àwọn tí ń wa ọkọ̀ lọ sí Èkó ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Síbẹ̀, lábẹ́ ikùn ọkọ̀ wọn, láàárín ẹ́ńjìnnì àti ìdí sàlẹ́ńsà, agolo irin kan wà níbẹ̀ tí Houdry jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ fi ọgbọ́n àti owó wọn wá irú rẹ̀ sí ayé. Nígbà tí nǹkan bá ṣe agolo náà ni iná kékeré aláwọ̀ ìyeyè kan máa ń tàn níwájú awakọ̀, tí ọkàn onítọ̀hún kì í sì í balẹ̀ mọ́. Ìtàn ọkùnrin náà ni a fẹ́ sọ nínú àròkọ yìí.

Ìlú Domont, tí kò jìnnà sí Páríìsì tí í ṣe olú-ìlú ilẹ̀ Faransé, ni a gbé bí i ní ọjọ́ 18 oṣù kẹrin ọdún 1892. Jules ni orúkọ bàbá rẹ̀. Ọlọ́rọ̀ ni bàbá náà. Ó ní ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe irin, òkìkí ilé-iṣẹ́ náà sì kàn dáadáa. Ọmọ tí a bí sínú irú ilé bẹ́ẹ̀ lè káwọ́ lẹ́yìn kí ó máa jẹ ogún bàbá rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n Eugène kò rí bẹ́ẹ̀. Bàbá rẹ̀ rán an lọ sí ilé-ìwé gíga tí a ti ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Páríìsì. Ní ọdún 1911 ni ó jáde níbẹ̀, òun ni ó sì gba ipò kìíní nínú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀, tí ìjọba fi àmì-ẹ̀yẹ wúrà dá a lọ́lá. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìwé nìkan ni ó gbójú lé. Òun ni ó jẹ́ olórí àwọn agbábọ́ọ̀lù ilé-ìwé náà, ẹgbẹ́ wọn sì gba ife-ẹ̀yẹ gbogbo ilẹ̀ Faransé.

Lẹ́yìn èyí ó padà sí ilé-iṣẹ́ bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n kò pẹ́ púpọ̀ tí ogun àgbáyé kìíní fi bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1914. Houdry wọ iṣẹ́ ológun. Nígbà tí ó di ọdún 1917, tí àwọn Faransé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó ọkọ̀ ogun onírin jáde fún ìgbà kìíní, Houdry wà lára àwọn tí a yàn sí iṣẹ́ náà. Ní Juvincourt ni ìjà ti gbóná. Àwọn ọkọ̀ náà tóbi, wọ́n sì ń wọ́ gọ̀ọ́gọ̀ọ́, àwọn ará Jámánì sì ń fi àgbá fọ́ wọn bí ẹni ń fọ́ ìkòkò. Houdry ń sáré láti ara ọkọ̀ kan dé òmíràn láti rí i pé a tún èyí tí ó bàjẹ́ ṣe, ìbọn sì ń dún lọ́tùn-ún lósì. Níbẹ̀ ni ó ti fara gbọgbẹ́. Orílẹ̀-èdè rẹ̀ fún un ní àmì-ẹ̀yẹ akọni ológun nítorí ohun tí ó ṣe ní ọjọ́ náà. Ó yẹ kí a kíyèsí i pé kì í ṣe pípa ènìyàn ni ó fi gba ẹ̀yẹ yìí bí kò ṣe àtúnṣe ẹ̀rọ tí ó dákú lójú ogun.

Nígbà tí ogun parí, ó tún padà sí ilé-iṣẹ́ irin. Ní ọdún 1922 ó fẹ́ Geneviève Quilleret ní ìyàwó, Ọlọ́run sì fi ọmọkùnrin méjì ta wọ́n lọ́rẹ. Ṣùgbọ́n irin kò fi bẹ́ẹ̀ dùn mọ́ ọn nínú mọ́. Ọkọ̀ ni ó gbà á lọ́kàn, pàápàá ọkọ̀ tí a fi ń sáré ìdíje. Ó rìnrìn-àjò lọ sí Amẹ́ríkà, ó wo ilé-iṣẹ́ tí Ford ti ń ṣe ọkọ̀, ó sì lọ wòran eré ìje ọkọ̀ ní Indianapolis. Ohun tí ó rí níbẹ̀ yé e ju bí ó ti yé àwọn ẹlòmíràn tí ó kàn ń pàtẹ́wọ́ lọ. Ó rí i pé àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ lè ṣe ẹ́ńjìnnì tí ó lágbára ju ti ìgbà náà lọ, ṣùgbọ́n epo bẹntiróòlù tí ó wà lórí igbá kò tó irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ gbé. Bí a bá fi epo tí kò dára sínú ẹ́ńjìnnì tí ó lágbára, epo náà a máa gbiná kí àsìkò rẹ̀ tó tó, ẹ́ńjìnnì a sì máa dún kankan bí ìgbà tí a ń fi òòlù lu owú. Nọ́ọ̀kì ni wọ́n ń pe ariwo yìí. (Kì í ṣe nọ́ọ̀kì tí àwọn mẹkáníìkì wa ń wí nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti kú fin-ín-fin-ín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èkíní lè bí èkejì.)

Láti ìgbà náà lọ ni Houdry ti ń wá epo tí ó sàn. Ilẹ̀ Faransé kò ní kànga epo rọ̀bì tí ó tó nǹkan, ó sì ń ra epo lọ́wọ́ àwọn ará òkèèrè. Nítorí náà, nígbà tí ó gbọ́ pé apògùn kan tí ń jẹ́ Prudhomme, tí ó ń gbé ní ìlú Nice, ti rí ọ̀nà láti yọ epo lára èédú ilẹ̀ tí kò tíì gbó, ó wá a lọ, wọ́n sì jọ dá iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ìjọba náà fi owó ràn wọ́n lọ́wọ́. Ní ọdún 1929 wọ́n kọ́ ilé-iṣẹ́ kan tí ó lè lo 60 tọ́ọ̀nù èédú bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ kan. Àmọ́ owó tí wọ́n ń ná sórí epo náà ju owó tí epo náà lè mú wọlé lọ. Ìjọba fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n sì ti ilé-iṣẹ́ náà. Ọ̀pọ̀ owó ìdílé Houdry ni ó bá iṣẹ́ yìí lọ.

Ẹlòmíràn ì bá ti sọ pé ó tó gẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo làálàá yìí ni Houdry ti rí ohun kan tí ó níye lórí ju èédú lọ, ohun náà sì ni kátálíìsì.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ níhìn-ín kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa, nítorí òun ni gbogbo ìtàn yìí rọ̀ mọ́. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé mọ ohun tí alárinà í ṣe nínú ìgbéyàwó àtijọ́. Ọkùnrin wà níhìn-ín, obìnrin wà lọ́hùn-ún. Wọn kò mọ ara wọn. Alárinà ni yóò máa lọ, tí yóò máa bọ̀, títí wọn yóò fi di tọkọtaya. Òun fúnra rẹ̀ kì í bá wọn wọlé. Nígbà tí ìyàwó bá ti mojú ọkọ, alárinà a yẹ̀ba, a sì lọ ṣe alárinà fún ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kátálíìsì rí. Ohun kan ni í ṣe tí í mú kí àwọn ohun méjì tètè para pọ̀, tàbí kí ohun kan tètè pín sí méjì, tí òun alára kò sì ní yí padà. Òkè kékeré kan lè parí iṣẹ́ fún òkè ńlá púpọ̀, bí a kò bá ti bà á jẹ́.

Ní ayé ìgbà náà, bí a bá fẹ́ fọ́ epo rọ̀bì tí ó wúwo sí bẹntiróòlù, iná àti agbára ìfúnpọ̀ nìkan ni a ń lò. Epo tí ń jáde kò pọ̀, kò sì dára tó. Houdry dán oríṣiríṣi nǹkan wò, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìdánwò ni ó ṣe, kí ó tó rí i pé amọ̀ kan wà tí í ṣiṣẹ́ alárinà yìí dáradára. Bí oru epo bá ti gba ara amọ̀ náà kọjá, a fọ́ sí bẹntiróòlù àtàtà. Ìṣòro tí ó kù ni pé ní ìwọ̀n ìṣẹ́jú díẹ̀, èédú dúdú a lẹ̀ mọ́ amọ̀ náà lára, a sì dá iṣẹ́ dúró. Àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ rí èédú yìí, wọ́n sì pa iṣẹ́ tì. Houdry kò pa á tì. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí amọ̀ náà, ó jó èédú náà kúrò, amọ̀ sì tún mọ́ bí ti àkọ́kọ́. Ó to ìkòkò irin ńlá mélòó kan pọ̀: bí ọ̀kan ti ń fọ́ epo, ni a ń jó èédú kúrò nínú èkejì, gẹ́gẹ́ bí àwọn obìnrin tí ń gún iyán fún àlejò púpọ̀ ti máa ń lo odó méjì, tí a ń fọ ọ̀kan nígbà tí ọmọ odó ń dún nínú èkejì. Ooru tí èédú náà mú wá bí ó ti ń jó kò sì lọ lásán. A lò ó nínú iṣẹ́ kan náà. Lójú tèmi, ibí yìí ni ọgbọ́n ọkùnrin náà hàn jù lọ: ohun tí ó jẹ́ ìdọ̀tí fún ẹlòmíràn ni ó sọ di igi ìdáná.

Àwọn ilé-iṣẹ́ epo ní Yúróòpù kò kà á sí. Ní ọdún 1930, ilé-iṣẹ́ Vacuum Oil ti Amẹ́ríkà ránṣẹ́ pè é, ó sì kó ìyàwó, ọmọ, ẹ̀rọ àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ kọjá òkun lọ sí Paulsboro ní ìpínlẹ̀ New Jersey. Àkókò náà kò bára dé. Ọrọ̀-ajé ayé ti dojú dé, owó ọ̀hún sì ṣọ̀wọ́n. Ní ọdún 1931 wọ́n dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní orúkọ Houdry, ṣùgbọ́n ọdún méjì gbáko ni wọ́n fi ń fẹsẹ̀ palẹ̀ kí ilé-iṣẹ́ Sun Oil tó dara pọ̀ mọ́ wọn ní ọdún 1933. Ní ọdún 1937 ni Sun Oil ṣí ilé-ìfọpo ńlá tí ó ń lo ọgbọ́n Houdry ní Marcus Hook, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania. Àgbá epo 15,000 ni ó ń lò ní ojúmọ́ kan, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì rẹ̀ ni ó ń di bẹntiróòlù tí ó dára. Ọ̀nà àtijọ́ kì í mú ju ìdá mẹ́rin lọ. Ẹ ó rí i pé láti ọdún 1911 tí ó ti kúrò ní ilé-ìwé títí di ọjọ́ yìí, ọdún 26 ni.

Bí ogun àgbáyé kejì ti dé, epo Houdry di ohun ìjà. Ọkọ̀ òfuurufú tí ó bá mu epo tí ó dára a máa fò ga, a sì máa yára ju ti ọ̀tá lọ. Ní ọdún 1942, ilé-ìfọpo 14 ni ó ń lo ọgbọ́n rẹ̀ láti pèsè epo fún àwọn ọkọ̀ òfuurufú. Houdry fúnra rẹ̀ tún ń jà lọ́nà mìíràn. Ní ọdún 1940 ni Jámánì ṣẹ́gun ilẹ̀ Faransé, tí àwọn kan nínú àwọn Faransé sì dá ìjọba sílẹ̀ ní Vichy tí ó ń bá ọ̀tá dọ́rẹ̀ẹ́. Houdry kọ ìjọba náà. Ó di olórí ẹgbẹ́ kan ní Amẹ́ríkà tí ń jẹ́ France Forever, tí ó ń ti De Gaulle lẹ́yìn. Inú bí ìjọba Vichy, ní ọdún 1941 wọ́n sì kéde pé kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ Faransé mọ́. Ọkùnrin tí ó ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní Juvincourt! Ní oṣù kìíní ọdún 1942 ó di ọmọ Amẹ́ríkà. Nígbà tí rọ́bà àdánidá sì wọ́n nítorí ogun, ó tún wá ọ̀nà tí a lè gbà fi kátálíìsì mú ohun èlò rọ́bà àtọwọ́dá jáde.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ìtàn ìgbésí ayé ti máa ń parí rèé: akọni ti lókìkí, ó ti lówó, ó ti dàgbà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó kàn wá jù lọ, àwa tí à ń gbé ní ẹ̀bá ọ̀nà ńlá, kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn ogun, ọkọ̀ pọ̀ ní àwọn ìlú Amẹ́ríkà bí eéṣú. Ní Los Angeles, ìkùukùu kan a máa bo ìlú lọ́sàn-án gangan, ojú a máa ta ènìyàn, ọ̀fun a máa hó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, ọ̀mọ̀wé kan tí ń jẹ́ Haagen-Smit ṣe ìwádìí, ó sì fi hàn pé èéfín ọkọ̀ àti ti ilé-ìfọpo ni oòrùn ń sè pọ̀ di májèlé lójú sánmà. Houdry ka ìwádìí irú èyí. Ẹ̀rù bà á pé èéfín náà lè wà lára ohun tí ń mú kí àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀dọ̀fóró máa pọ̀ sí i. Òun tí ó ti fi ogún ọdún kọ́ ayé bí a ti ń pọ́n bẹntiróòlù sí i kò sọ pé kò kan òun. Ó dá ilé-iṣẹ́ tuntun sílẹ̀ tí ó pè ní Oxy-Catalyst, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà tí alárinà rẹ̀ àtijọ́ fi lè ṣiṣẹ́ lẹ́nu ihò èéfín.

Ohun tí ó fẹ́ kò ṣòroó sọ. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá jó epo, kì í jó gbogbo rẹ̀ tán. Díẹ̀ nínú epo náà a máa bá èéfín jáde láìjó, òmíràn a sì di gáàsì olóró kan tí a kì í rí, tí a kì í gbọ́ òórùn rẹ̀, tí ó sì ti pa ọ̀pọ̀ ìdílé tí ó tan jẹnẹrétọ̀ sùn nínú ilé ní ilẹ̀ wa. Bí a bá mú kí àwọn ohun wọ̀nyí pàdé atẹ́gùn lára kátálíìsì tí ó gbóná, wọn yóò jó tán níbẹ̀, wọn yóò sì di oru omi àti gáàsì irú èyí tí a ń mí síta. Houdry ṣe é. Wọ́n lo irú agolo rẹ̀ lára àwọn ọkọ̀ kékeré tí ń gbé ẹrù nínú ilé ìkẹ́rù-pamọ́, níbi tí èéfín kò ti ríbi gbà jáde. Ní ọdún 1956 ìjọba Amẹ́ríkà fún un ní ìwé-ẹ̀rí olùdásílẹ̀ lórí irú iṣẹ́ yìí.

Kí ló dé tí kò fi dé ara gbogbo ọkọ̀ nígbà náà? Òjé ni. Láti àwọn ọdún 1920 ni àwọn ilé-iṣẹ́ epo ti ń po òjé mọ́ bẹntiróòlù kí ó má baà máa nọ́ọ̀kì. Owó rẹ̀ kéré, ó sì rọrùn. Ṣùgbọ́n òjé náà a bá èéfín jáde, a lẹ̀ mọ́ kátálíìsì, a sì dí gbogbo ojú ara rẹ̀. Èédú ṣeé jó kúrò. Òjé kò ṣeé jó. Bí a bá so agolo Houdry mọ́ ọkọ̀ tí ń mu epo olójèé, kò ní pẹ́ kú. Ọkùnrin tí ó ti fi ọgbọ́n ṣẹ́gun ìdọ̀tí nígbà kan rí wá bá ìdọ̀tí tí àwọn olówó ń fi ọwọ́ ara wọn dà sínú epo, kò sì sí òfin tí ó lè dá wọn lẹ́kun. Ó kú ní ọjọ́ 18 oṣù keje ọdún 1962 ní Upper Darby, ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ó jẹ́ ẹni 70 ọdún. Òjé ṣì wà nínú epo nígbà tí a sin ín.

Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà, ní 1970, Amẹ́ríkà ṣe òfin líle lórí èéfín ọkọ̀. Ó di dandan kí àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ wá agolo náà, ó sì di dandan kí epo tí kò ní òjé wà fún un. Láti orí ọkọ̀ ọdún 1975 ni kátálíìsì ti wọ́pọ̀ níbẹ̀. Àwọn mìíràn ti tún iṣẹ́ Houdry ṣe: wọ́n fi amọ̀ sísun ṣe é bí afárá oyin, wọ́n sì fi pílátínọ́ọ̀mù, pàlédíọ̀mù àti ródíọ̀mù, àwọn irin iyebíye, kun ojú àwọn ihò wíwẹ́ rẹ̀. Ní ilẹ̀ Áfíríkà, ìpàdé ńlá kan wáyé ní Dakar ní ọdún 2001 lórí ọ̀rọ̀ òjé, nígbà tí ọdún 2006 sì fi wọlé, àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wà ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà, Nàìjíríà pẹ̀lú, ti jáwọ́ nínú títa epo olójèé. Orílẹ̀-èdè Àlùjíríà ni ó jáwọ́ kẹ́yìn ní gbogbo ayé, ní ọdún 2021.

Nípa bẹ́ẹ̀ ni agolo Houdry fi dé ọ̀dọ̀ wa, lábẹ́ ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí a kó gba orí omi wá. Ẹni tí ó bá dúró ní Mowe tàbí ní Ìbafò lẹ́bàá ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn nígbà tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá bẹ̀rẹ̀, tàbí tí ó bá dúró ní ọjà Ifọ̀ lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta, yóò gbọ́ òórùn ohun tí Houdry bá jà. Àwọn ọmọ tí ń ta omi àti gúgúrú láàárín ọkọ̀ ni ó ń fà á símú jù lọ, nítorí ẹnu wọn kò ga ju ibi tí èéfín ti ń jáde lọ púpọ̀.

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ kí a wo bí agolo náà ti ń sọ̀rọ̀. Nínú ọkọ̀ tí Amẹ́ríkà ṣe fún títà láti ọdún 1996 wá, kọ̀ǹpútà kan wà tí ó ń ṣọ́ kátálíìsì tọ̀sán-tòru. Sẹ́ńsọ̀ méjì ni ó ń bá a ṣọ́nà: ọ̀kan wà níwájú agolo, èkejì wà lẹ́yìn rẹ̀, àwọn méjèèjì sì ń wọn ọ́síjìn tí ó wà nínú èéfín. Ìròyìn ti iwájú a máa lọ sókè sódò láìsinmi. Bí kátálíìsì bá ń ṣiṣẹ́ rẹ̀, ìròyìn ti ẹ̀yìn a dúró jẹ́ẹ́. Nígbà tí ti ẹ̀yìn bá bẹ̀rẹ̀ sí í jó bí ti iwájú, kọ̀ǹpútà mọ̀ pé alárinà kò ṣiṣẹ́ mọ́. A tan iná ìyeyè, a sì kọ àmì kan pamọ́ tí ó jẹ́ P0420. Ẹ̀rọ tí mẹkáníìkì ń kì bọ ọkọ̀ ni ó máa ń ka àmì náà jáde.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó máa ń ṣìnà níbí yìí. Wọ́n á gbọ́ pé kátálíìsì kò ṣiṣẹ́, wọ́n á sì gbà pé òun ni kí a yọ sọnù. Ṣùgbọ́n P0420 kò sọ ohun tí ó ṣe kátálíìsì. Ó kàn sọ pé iṣẹ́ rẹ̀ kò tó. Ká ní ọkọ̀ náà tún ń gbọ̀n nígbà tí ó bá dúró lórí sìlóò, tí ó ń gbọ̀n bí ẹni ibà mú, tí àmì mìíràn bíi P0300 sì wà pẹ̀lú rẹ̀, a jẹ́ pé inú ẹ́ńjìnnì ni àìsàn ti bẹ̀rẹ̀. Sìlíńdà kan ń kọ̀ láti jó epo tirẹ̀. Epo tútù náà yóò bá èéfín lọ, inú kátálíìsì ni yóò ti gbiná, ooru náà yóò sì pọ̀ títí afárá oyin inú agolo yóò fi yọ́ mọ́ra wọn. Èéfín kò ní ríbi kọjá mọ́. Ọkọ̀ yóò di òkú ọ̀lẹ, kò ní lè gun òkè. Ẹni tí ó bá pààrọ̀ kátálíìsì nìkan nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti gbé àlejò tuntun wọ ilé tí ń jó.

Mẹkáníìkì tí ó mọṣẹ́ a máa ti ẹ̀yìn wá. A kọ́kọ́ yọ púlọ́ọ̀gì wò: èyí tí ó dúdú, èyí tí ó tutù, èyí tí epo ẹ́ńjìnnì bò. A gbé kọ́ìlì láti orí sìlíńdà kan sí òmíràn, kí ó rí i bóyá àìsàn náà yóò tẹ̀lé e lọ. A yẹ nọ́sù tí ń fọ́n epo wò, a sì wá ibi tí atẹ́gùn ti ń jí wọlé gba ara rọ́bà tí ó ti sán. Ó tún gbọdọ̀ wo páìpù èéfín fúnra rẹ̀, nítorí ihò kékeré kan ní iwájú sẹ́ńsọ̀ lè jẹ́ kí atẹ́gùn òde wọlé, kí sẹ́ńsọ̀ sì máa purọ́ mọ́ kátálíìsì tí kò ṣẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni ó tó kan agolo náà.

Ọ̀nà kúkúrú tí àwọn mìíràn ń tọ̀ yàtọ̀. Wọ́n á gé agolo náà, wọ́n á fi irin gún afárá inú rẹ̀ fọ́ túútúú, wọ́n á dà á nù, wọ́n á sì jó òfìfo agolo padà. Ọkọ̀ á tún sáré nítòótọ́ bí ó bá jẹ́ pé ó ti dí tẹ́lẹ̀, olówó ọkọ̀ á sì dúpẹ́. Ìdí mìíràn sì tún wà tí wọ́n fi ń gé e: àwọn irin iyebíye inú rẹ̀ níye lórí, àwọn oníṣòwò sì ń wá a rà, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ olówó ọkọ̀ kò mọ̀ pé ohun tí a yọ lábẹ́ ọkọ̀ òun lè wọ́n ju owó iṣẹ́ tí òun san lọ. Nítorí pé iná ìyeyè kò ní kú bẹ́ẹ̀, àwọn kan a fi irin kékeré kan gbé sẹ́ńsọ̀ ẹ̀yìn jìnnà sí èéfín kí ó lè máa ríran fírífírí, kọ̀ǹpútà á sì gbà pé àlàáfíà ni. Iná kú, èéfín kò kú.

Bí sìlóò bá ti dúró ṣinṣin lẹ́yìn àtúnṣe, kí a pa àmì inú kọ̀ǹpútà rẹ́, kí a sì wa ọkọ̀ náà fún ọjọ́ mélòó kan, nítorí kọ̀ǹpútà kì í dán kátálíìsì wò ní ìṣẹ́jú kan. Ó fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa, kí ọkọ̀ sì rìn ní ìwọ̀n eré kan náà fún ìgbà díẹ̀, irú èyí tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìbafò kì í fún ni láàyè fún. Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú dára fún un, tí ojú ọ̀nà ṣófo títí dé Ṣàgámù. Bí P0420 kò bá padà, agolo náà ṣì wà láàyè. Bí ó bá padà láìsí P0300, tí púlọ́ọ̀gì mọ́, tí páìpù kò jò, a jẹ́ pé kátálíìsì ti kú lóòótọ́, kí a wá òmíràn tí irin iyebíye ṣì wà nínú rẹ̀. Àwọn kan ń bẹ lọ́jà tí wọ́n kàn kùn gẹ́rẹ́, owó wọn kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í pẹ́ tí iná náà fi ń tún tàn.